Owó Adèlé

Inú àpò kóòtù ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Alhaja kan tó ń ta aṣọ òkìrìkà ní Oríta-mẹ́rin ló tú ẹrù aṣọ òtútù kan láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ó máa ń ki ọwọ́ bọ gbogbo àpò kó tó so aṣọ kọ́, nítorí àwọn òyìnbó a máa gbàgbé nǹkan síbẹ̀: kọ́kọ́rọ́, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, áńkáṣíìfù tí wọ́n ti fi fun imú. Lọ́jọ́ náà, owó bébà kan ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Kò mọ ìlú tó ti wá. Ó wé e mọ́ etí ìborùn rẹ̀, ó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Bẹẹrẹ. Èmi ni mo ń bá a tẹ káàdì ọjà rẹ̀, ó sì gbà pé ẹni tó bá ń tẹ̀wé gbọ́dọ̀ mọ gbogbo ohun tí wọ́n bá tẹ̀ láyé.

"Bàbá Ìbejì, ẹ bá mi wò ó. Ṣé owó lèyí, àbí bébà tọ́mọdé fi ń ṣeré?"

Mo gbé e lọ sójú fèrèsé. Bébà náà le, àwọn ìlà tín-ín-rín tó wà lára rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹ̀rọ lásán lè fà. Ṣùgbọ́n ohun tó gbá ojú mi mú ni sítáǹbù kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ igun rẹ̀ lókè, bí èyí tí à ń lẹ̀ mọ́ àpò lẹ́tà láyé ìgbà tí a ṣì ń kọ lẹ́tà. Ta ló ń lẹ sítáǹbù mọ́ owó?

"Owó ni, Alhaja. Ṣùgbọ́n ẹnì kan tún ti fọwọ́ kàn án lẹ́yìn tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tán."

"Ẹ kúkú mú un. Èmi ò ní rí ẹni ná an fún ní Oríta-mẹ́rin." Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Mi ò lè ṣiṣẹ́ mọ́ lọ́jọ́ náà. Mo ya fọ́tò owó náà, mo fi fóònù wá a kiri títí mo fi rí i. Orílẹ̀-èdè kan ní ilẹ̀ Yúróòpù ló pín sí méjì. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di Sìlòfákíà kò tíì ní owó tiwọn, ọjà kò sì lè dúró dè wọ́n. Wọ́n bá mú owó àjùmọ̀ní àtijọ́, wọ́n lẹ sítáǹbù mọ́ ọn, wọ́n ní ó ti di tàwọn títí tuntun yóò fi dé. Mo wá rí i pé kì í ṣe àwọn nìkan. Ọ̀pọ̀ ìlú tó gba òmìnira, títí kan àwọn kan ní ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí, ló ṣe bẹ́ẹ̀: wọ́n á mú owó ìjọba tó lọ, wọ́n á tẹ orúkọ tuntun gàdàgbà lé e lórí. Tí owó tuntun bá dé, wọ́n á kó àwọn yẹn jọ, wọ́n á sun wọ́n. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣọ̀wọ́n. Èmi sọ wọ́n ní owó adèlé, nítorí bí adèlé ṣe ń jókòó sáàfin kí ọba tuntun tó jẹ náà ni wọ́n ṣe jókòó.

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà náà. Iṣẹ́ òjé ni mo kọ́: ká máa to lẹ́tà òjé lọ́kọ̀ọ̀kan sínú férémù irin, ká fi tàdáwà pa á, ká tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wa. Bí ẹnì kan bá kú, fọ́tò aláwọ̀ mèremère ni wọ́n ń lẹ̀ kiri báyìí. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lèmi náà fi ń jẹun, àmọ́ mi ò ta ẹ̀rọ mi, ó wà ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù, mo sì ń fi epo pa á bí ẹni tó ń tọ́jú arúgbó. Ọwọ́ mi tó ti mọ́ iṣẹ́ kò mọ ohun tí ì bá ṣe mọ́. Mo kàn ń dìde, mo ń jókòó. Nígbà tí mo wá rí àwọn owó wọ̀nyí, ẹni tó dúró ti ẹ̀rọ ni mo ń rò. Atẹ̀wé kan wà níbì kan, bí èmi, tí wọ́n kó owó jọ gègèrè síwájú rẹ̀, tí wọ́n ní kó sọ ìlú lórúkọ kó tó di ọ̀la. Lẹ́tà wo ló kọ́kọ́ mú?

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nìyẹn. Mo ń ti Bẹẹrẹ rìn lọ Ọjà'ba, mo ń wọ agbo ilé kan bọ́ sí òmíràn ní Bẹ́yẹrúnkà, mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà tó ti ṣòwò dé ìlú òkèèrè pé ṣé wọn ò ní owó àtijọ́ ilẹ̀ míì nínú àpótí. Mi ò mọ̀ pé wàhálà ni mo ń fẹsẹ̀ fà. Ìyá àgbà kan ti ń ṣí àpótí rẹ̀ fún mi lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin wọlé dé.

"Owó àtijọ́? Kí lẹ fẹ́ fi owó àtijọ́ ṣe?"

"Mo kàn ń kó o jọ ni."

"Ẹ ń kó o jọ ṣe kí ni? Ẹ dákun, ẹ máa lọ. Ẹ má kó bá ìyá wa o! Ẹ jáde!"

Ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, ó pa àpótí dé. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, àwọn ará ilé ti ń yọjú. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ náà ti dé ilé ṣáájú mi. Ìyàwó mi dúró ti ìkòkò lórí iná, kò wojú mi.

"Bàbá Ìbejì, wọ́n bi mí níbi kànga pé ṣé ẹ ti bọ́ sínú nǹkan. Wọ́n ní owó àwọn òkú lẹ ń wá kiri."

Mo rẹ́rìn-ín. Kò bá mi rẹ́rìn-ín.

"Orí ìnàró lẹ ti fẹ́ẹ̀ máa jẹun báyìí. Ẹ ò tíì jókòó ẹ ti ń wo ọ̀nà. Kí lẹ ń wá gan-an?"

 Mo ṣáà jáwọ́ nínú ojúlé dé ojúlé. Orí fóònù ni mo kó o lọ, sínú gúrúùpù àwọn tó ń kó owó jọ. Níbẹ̀ ni mo ti rí i pé ara àìbalẹ̀ mi kéré. Àwọn kan wà tí wọn kì í sùn. Díẹ̀díẹ̀ ni mo rí mélòó kan: Alhaja ṣì ń wo inú àpò kóòtù fún mi, àwọn ará gúrúùpù sì ń fi tiwọn ṣe pààrọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo wá ń lá àlá rẹ̀ ni owó Bùrúńdì. Àwọn Bẹ́líjíọ̀mù ló ń ṣàkóso Ruwáńdà àti Bùrúńdì pọ̀, owó kan náà ni àwọn méjèèjì sì jọ ń ná. Nígbà tí oníkálukú gba òmìnira rẹ̀, tí ọ̀nà pín, Bùrúńdì mú owó náà, ó tẹ orúkọ ara rẹ̀ lé e lórí nínú àpótí onígun mẹ́rin tó dúró lórí ṣóńṣó. Èyí tí mo fẹ́ ní àwòrán ọ̀nì lára. Mo máa ń ṣí fọ́tò ọ̀nì yẹn lórí fóònù níbi tí mo ti ń dúró de oníbàárà, lórí ọ̀kadà, kódà lórí ìlà níbi tí a ti ń ra epo. Mo tún ti fẹ́ẹ̀ máa wò ó ní mọ́ṣáláṣí, Ọlọ́run ló mú ọwọ́ mi kúrò lápò.

Ọkùnrin kan nínú gúrúùpù, tó ń gbé ní Mọlẹtẹ, ló kọ̀wé sí mi pé òun ní ọ̀nì. Kì í ṣe fọ́tò o, ọ̀nì gan-an. Mi ò dúró jẹ ẹ̀kọ tó wà níwájú mi. Ọ̀kadà gbé mi gba abẹ́ afárá Mọlẹtẹ, mo wọ inú yàrá rẹ̀ tí fẹ́ẹ̀nì ń yí tí kò fẹ́ atẹ́gùn. Ọ̀dọ́kùnrin ni, ó mọ́ tónítóní, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó yọ ọ̀nì náà látinú ọ̀rá. Mo rí orúkọ náà dúdú lórí rẹ̀, BURUNDI, nínú àpótí rẹ̀. 

"Mi ò tà á, sà. Mo máa ń ṣe pààrọ̀ ni. Mo gbọ́ pé ẹ ní ti Sìlòfákíà tó ní sítáǹbù."

Owó inú àpò kóòtù! Mo ní rárá. Mo dìde, mo jókòó. Mo tún gbé ọ̀nì náà, mo gbé e sílẹ̀. Ó kàn ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo padà sílé, mo lọ mú owó Alhaja pẹ̀lú òmíràn tí mo fẹ́ràn, mo tún gun ọ̀kadà padà lọ. Bó ṣe di tèmi nìyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé ìjókòó síta ṣọ́ọ̀bù, mo gbé ọ̀nì mi síwájú oòrùn láti fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wò ó dáadáa. Wọ́n ti ká a sí méjì rí, ó ti pẹ́ gan-an, nítorí ojú ibi tí wọ́n ti ká a ti ya, ó ti funfun. Bí tàdáwà bá ti wà lára bébà kí wọ́n tó ká a, ojú ìkákò náà ló máa bó o dànù. Ṣùgbọ́n tàdáwà orúkọ yìí wọ inú ojú yíya náà lọ. Ó ṣàn wọ inú rẹ̀ bí omi ṣe ń wọ inú ilẹ̀ tó sán. Ìyẹn ni pé wọ́n ti ká owó yìí tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó tẹ Bùrúńdì lé e. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí Bùrúńdì fúnra rẹ̀ tẹ orúkọ, owó náà kò tíì pẹ́. Mo ní bóyá ojú mi ni. Mo mú awò sún mọ́ àwọn lẹ́tà náà.

Mo dá lẹ́tà R yẹn mọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ti gé díẹ̀ nísàlẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ òkè Màpó, ló ni ín. Àìmọye ìwé ìkéde òkú ni mo ti fi lẹ́tà yẹn tò nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́. Mo mọ̀ ọ́n bí èèyàn ṣe ń mọ ìrìn ọmọ ìyá rẹ̀ láti òkèèrè.

Mi ò rántí bí mo ṣe ti ilẹ̀kùn. Mo rìn dé Màpó, mo kọjá ẹnu ọ̀nà Ọ̀gá, mo gun òkè lọ dé ibi àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn, mo tún sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí mo wọlé, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń fi òwú nu irin tí kò dọ̀tí. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Ṣé kò sí o? O kì í yọjú láàárọ̀ báyìí."

Mo gbé owó náà sórí tábìlì. Kò fọwọ́ kàn án.

"Níbo lo ti rí i?"

Kò bi mí pé kí lèyí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti tán lójú mi.

"Mọlẹtẹ ni, sà."

Ó ń nu irin rẹ̀ lọ. "Ọmọ tó gbé e wá ní òun fẹ́ fi han àwọn ọmọ ilé ìwé kan, kí wọ́n lè mọ bí owó àtijọ́ ṣe rí."

"Ẹ sì gbà á gbọ́, sà?"

Ó gbójú sókè. Ó ti ju ọgọ́rin ọdún lọ, ṣùgbọ́n bó bá wò ọ́, wàá mọ̀ pé o ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ.

"Láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ta ló gbé iṣẹ́ òjé wọ ibí yìí? Ìwọ? Tìẹ gan-an, kọ̀ǹpútà lo fi ń ṣe é. Ọmọ yẹn wọlé, ó ní òun ti yí gbogbo Ìbàdàn ká, wọ́n ní kọ̀ǹpútà ò lè ṣe é, èmi nìkan ni mo kù. Inú mi dùn. Mi ò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò fẹ́ béèrè."

 Mo ṣàlàyé ohun tí mo fi ṣe pààrọ̀, mo sì sọ pé àwọn míì náà yóò ti kó sí i. Ó tẹ́tí sí mi. Ó nàka sí orí pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Férémù tó fi tẹ̀ ẹ́ wà níbẹ̀, BURUNDI ní ìdàkejì, bí lẹ́tà òjé ṣe máa ń rí, nínú àpótí rẹ̀, wọn ò tíì tú u.

"Ó ní òun ń kó òmíràn bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì."

"Ẹ jẹ́ ká tú u, sà. Ẹ jẹ́ kí n bá yín tú u nísinsìnyí."

"Iṣẹ́ tí mo bá tò, èmi ni mo ń tú u. Máa lọ ṣọ́ọ̀bù rẹ."

Mo jáde. Mọlẹtẹ ni mo gbà lọ tààrà. Ọ̀dọ́kùnrin náà kò bá mi jà, kò sì sẹ́. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

"Sà, owó yín ti kúrò nílẹ̀ yìí. Ẹnì kan ní òkè òkun ti gbà á."

"Ayédèrú lo fún mi!"

"Bébà gidi ni, sà. Ọ̀nì gidi ni. Orí rẹ̀ nìkan la kọ̀wé sí. Àwọn tó ṣe ti àkọ́kọ́, ṣé kì í ṣe wọ́n kọ̀wé sórí owó elòmíì náà ni?"

Mo fẹ́ gbá a létí, ọwọ́ mi kò gbé e. Lọ́nà ilé, mo ń tún ọ̀rọ̀ burúkú náà rò, nítorí ó ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìlú rán ló tẹ ti àkọ́kọ́. Ta ló rán eléyìí?

Mo gbé fọ́tò ojú ìkákò náà sínú gúrúùpù, mo ní kí oníkálukú yẹ tirẹ̀ wò, mo sì sọ ọ̀dọ̀ ẹni tí mo ti gbà á. Mi ò sọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Àwọn kan bú mi pé ìlara ni. Àwọn mìíràn ń fi fọ́tò tiwọn ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, wọ́n ní ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó. R kan náà. Bí mo ṣe ń rí ẹsẹ̀ gígé yẹn ni ìdí ń ta mí lórí ìjókòó. Ìyàwó mi ní kí n jókòó jẹun. Mo jókòó. Nígbà tó yíjú, mo ti wà lójú ọ̀nà.

Lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, mi ò lè lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá, mo ń padà, bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù kì í ṣe owó mọ́. Mo ń rò ó pé bí mo bá wọlé tí mo gbọ́ ìró ẹ̀rọ náà ńkọ́? Báwo ni mo ṣe máa dọ̀bálẹ̀ fún un lẹ́yìn ìyẹn? Ọ̀kadà kan sọ ọmọ Mọlẹtẹ yẹn kalẹ̀, ó gbé àpò ìwé lọ́wọ́, ó wọlé. Mo dúró, mo tẹ́tí. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo wọlé tẹ̀lé e.

Ọ̀gá jókòó ti àpótí lẹ́tà rẹ̀, férémù náà wà níwájú rẹ̀ ní títú. Ó ń mú àwọn lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń nù ún, ó ń dá a padà sínú ihò rẹ̀. Ọmọ náà dúró tì í, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Bàbá, ẹ ti bá mi ṣàdéhùn."

"Mo bá ọ ṣe é." Ó ju I sínú ihò I. "Gba àwọn bébà rẹ, máa lọ. Mi ò débi tí wọ́n ń pè ní Bùrúńdì rí. Kí ló kàn mí tí mo fi ń sọ wọ́n lórúkọ?"

Ọmọ náà wò mí bí ẹni pé èmi ni mo kọ́ Ọ̀gá lọ́rọ̀. Ó kó àwọn bébà rẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ láìdágbére.

 Ọ̀gá na ọwọ́ sí mi.

"Mú ọ̀kan tìẹ wá."

Mo yọ ọ̀nì náà lápò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í to òmíràn, ó pẹ́, nítorí ó ń fọwọ́ wá lẹ́tà ju kó fi ojú wá a lọ, mi ò sì gbọdọ̀ bá a wá a. Ó pa tàdáwà pupa lé e. Ó tẹ ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀kan péré. Nígbà tó gbé bébà náà fún mi, AYÉDÈRÚ ló wà gbọọrọ lórí BURUNDI, láti etí dé etí.

"Bí mo bá kú, tí ìwọ náà bá kú, kò ní lè tan ẹnikẹ́ni jẹ," ni ó wí. "Bí àwọn tó kù nínú gúrúùpù rẹ bá fẹ́, kí wọ́n kó tiwọn wá. Mi ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn."

Àwọn díẹ̀ kó o wá. Àwọn tó pọ̀ jù kò fẹ́, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Èèyàn kì í tètè fẹ́ kí wọ́n tẹ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lé ohun tó fẹ́ràn. Ọmọ Mọlẹtẹ kúrò nínú gúrúùpù. Mo gbọ́ pé ó ti wà nínú òmíràn pẹ̀lú orúkọ mìíràn. Nígbà tí mo sọ fún Alhaja pé owó rẹ̀ ti lọ, ó pòṣé, ó ní ṣebí bí òun ṣe rí i ló lọ yẹn, ó sì yí padà sí ẹni tó ń ná ṣẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀.

Mi ò tíì rí ọ̀nì gidi títí di òní. Mo ṣì ń wá a. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan ní ìyá òun ní Òkè Pádre ní nǹkan kan nínú àpótí, ọkọ rẹ̀ ti lọ jagun dé Kóńgò tó bá Bùrúńdì pààlà rí. Mo ti lọ lẹ́ẹ̀kan, ìyá náà ti rìnrìn àjò. Ọ̀gá ní bí mo bá tún ń lọ, kí n wá mú òun dání, kí àwọn ará ilé lè rí arúgbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kí wọ́n má baà tún lé mi jáde. Ìyàwó mi ti gbọ́. Ó ní ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ jẹun ná.